Àpótí bàbá àgbà: kí ẹ tó tà á, kí ẹ tó sun ún

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbí nínú ìlú Ọ̀yọ́, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Bàbá tó bí bàbá wa ti kú tipẹ́, ẹnikẹ́ni ò ṣí yàrá wọn àfi ìgbà tí òrùlé jò lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. A bá àpótí onígi kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó wà nínú ẹ̀ nìyí: òkúta dúdú méjì tó dà bí ẹnu àáké, ère ìbejì méjì tí ojú ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, igbá fífín kan pẹ̀lú ọmọrí ẹ̀, àpò awọ pupa kan tó ní ìwọ́nwọ́n awọ tó ń fì nídìí, owó ẹyọ wà nínú àpò yẹn àmọ́ mi ò tíì kà á, kọ́bọ̀ oníhò bí ogún, àti aṣọ òfì kan tí kòkòrò ti ń jẹ. Ọkùnrin kan ti Èkó wá, ó lóun á fún wa ní ₦150,000 lórí gbogbo ẹ̀. Àǹtí bàbá wa tí wọ́n jẹ́ wòlíì ní ká dáná sun ún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn nǹkan yìí, báwo ni wọ́n ṣe pẹ́ tó, kí ni ká ṣe sí i?"

Àbúrò, kú ilé o, kú òrùlé tó jò pẹ̀lú, torí òrùlé yẹn ló la ilẹ̀kùn yẹn fún yín. Kí n tó sọ ohunkóhun: ẹ má fọ ìkankan nínú wọn, ẹ má fi òróró pa á kó lè dán, ẹ má fi fáníìṣì kùn ún, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan kó owó ẹyọ lọ fi ṣeré. Pàápàá jù lọ, ẹ má tú wọn ká. Ìwọ kà wọ́n fún mi bí ẹni ń ka ọjà ìsọ̀, nǹkan méje lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ èmi tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ musíọ̀mù kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú tí mo fi wò ó yàtọ̀. Nǹkan méje tó bá jọ wà nínú àpótí kan, ẹnì kan ló kó wọn jọ, ó sì nídìí tó fi kó wọn jọ. Ẹ jẹ́ ká wá ìdí yẹn ná, ọ̀rọ̀ owó á tẹ̀ lé e.

Ìdí àpò awọ yẹn ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ka "awọ pupa tó ní ìwọ́nwọ́n" báyìí ni mo gbé ife tíì mi kalẹ̀. Lọ wò ó dáadáa. Ṣé iwájú ẹ̀ pín sí ojú mẹ́rin bíi fèrèsé, tí iṣẹ́ ọnà kan náà wà lójú kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi awọ aláwọ̀ mìíràn gé tí wọ́n wá rán an mọ́ ọn? Ṣé ó ní okùn awọ tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àpò owó kọ́ nìyẹn o, làbà Ṣàngó ni. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníṣọ̀nà wa ni, àwọn olórìṣà Ṣàngó ló sì ń gbé e. Tí àrá bá já lu ilé tàbí igi, àwọn Mọ́gbà, ìyẹn àwọn àgbà olórìṣà Ṣàngó, àtàwọn adóṣù, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti ṣe orò ìwọlé ẹ̀sìn Ṣàngó fún, ló máa ń lọ síbẹ̀ lọ ṣètùtù, wọ́n á wa ẹdùn àrá jáde nínú ilẹ̀, inú làbà ni wọ́n sì máa ń kó o sí. Wá padà wo òkúta méjì tó o ní ó "dà bí ẹnu àáké" yẹn. Ṣé o ti rí ibi tí mò ń lọ?

Ẹdùn àrá ni wọ́n. Òkúta líle ni, ó máa ń dúdú tàbí kó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ lára, ó máa ń gba inú àtẹ́lẹwọ́, orí ẹ̀ kan tín-ín-rín, ìkejì fẹ̀ ó sì mú, wọ́n ti lọ̀ ọ́ lórí òkúta mìíràn títí tó fi jọ̀lọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé lo bi mí, àáké ni lóòótọ́, àáké àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé, òun ni wọ́n fi ń gégi tí wọ́n fi ń ṣán oko, ó sì ju ọdún 2,000 dáadáa lọ. Ní Ihò Eléérú lẹ́bàá Àkúrẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó ń kọ ní Iwo Eleru, Thurstan Shaw, awalẹ̀ òyìnbó kan, ìyẹn ẹni tó ń wa ilẹ̀ wá nǹkan àwọn ará ìṣáájú, gbẹ́ ibẹ̀ ní 1965, wọ́n rí irú àáké yìí pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò, nísàlẹ̀ pátápátá wọ́n wá kan egungun ẹnì kan tó ti tó nǹkan bí ọdún 11,000. Tiwa náà wà, ihò kan wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ìyẹn ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ tó ti tú, tí wọ́n ń pè ní Mejiro, àwọn awalẹ̀ bá ohun èlò òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀ tí ìkòkò kankan ò sí pẹ̀lú ẹ̀. Ìyẹn ni pé kí Ọ̀yọ́ tó jẹ́ Ọ̀yọ́, kí ẹnikẹ́ni tó jọba níbẹ̀, èèyàn ti ń gbé ibẹ̀.

Báwo ló wá ṣe di ti Ṣàngó? Ronú sí i wò. Òjò ńlá á rọ̀ lóru, àrá á máa sán wàá-wàá, àgbàrá á wọ́ ilẹ̀ lọ, tó bá di àárọ̀ àgbẹ̀ á dé oko á bá òkúta dídán kan lórí ebè tí kò sí níbẹ̀ lánàá. Kí lo fẹ́ kó rò? Àwọn baba wa ò yọ̀dẹ̀, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, kódà àwọn ará Yúróòpù náà gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ojú ọ̀run ni irú òkúta yẹn ti ń jábọ́. Èmi ò rí ìjà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì o. Òkúta yẹn ti gbé ayé lẹ́ẹ̀mejì ni, ó kọ́kọ́ jẹ́ àáké ẹni tá ò mọ orúkọ ẹ̀, ó wá di ẹdùn àrá ní Ọ̀yọ́, ayé ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló sì jẹ́ kí bàbá yín tọ́jú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé epo pupa ti gan mọ́ ọn lára, ẹlẹ́rìí nìyẹn, ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ sì rántí pé oṣù Kejìlá 2023 ni UNESCO kọ ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ sínú àkọsílẹ̀ àṣà àjogúnbá aráyé, nígbà táwọn ará ìta ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìdí bẹ́ẹ̀dì ni tiyín wà.

Ó kan owó ẹyọ. Kà á. Mo mọ̀ pé ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé, ṣáà kà á. Tó bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún géérégé, tàbí tó o bá rí mẹ́rìndínlógún tí wọ́n dì sọ́tọ̀ nínú àkísà, tí wọ́n jọra wọn tí wọ́n sì ti ń dán bí eyín, owó níná kọ́ nìyẹn, ẹẹ́rìndínlógún táwọn olórìṣà fi ń ṣàyẹ̀wò ni, á jẹ́ pé bàbá yín tàbí ẹni tó bí wọn mọ̀ ọ́n dá. Tó bá lé ní ọgọ́rùn-ún, owó ni. Tó bá wá jẹ́ owó, yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà. Irú méjì ló wọ ilẹ̀ wa. Èyí tó kéré, tí ara ẹ̀ ní kókó-kókó, inú òkun Íńdíà ló ti wá, láti erékùṣù Maldives, òun ló kọ́kọ́ dé. Èyí tó tóbi díẹ̀, tí òrùka pupa rúsúrúsú kan yí ẹ̀yìn ẹ̀ ká, ọ̀nà Zanzibar ló gbà wá, àwọn oníṣòwò Jámánì ló fi ọkọ̀ òkun kó o dé láti nǹkan bí 1845, wọ́n kó o dé débi tó fi pọ̀ ju ọjà lọ, iyì ẹ̀ wá já wálẹ̀ pátápátá. Nítorí náà tó o bá rí òrùka yẹn lẹ́yìn ẹyọ kan ṣoṣo, o ti mọ̀ pé ẹni tó kó àpò yẹn jọ kò kó o jọ ṣáájú 1845. Kò gba ẹ̀rọ kankan, ojú lásán ni.

Kí n kàn fi eléyìí kún un torí ó máa ń dùn mọ́ mi: ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ọ̀kẹ́ yẹn, àpò gidi ni o, ó wúwo ju 20 kílò lọ, èèyàn ló ń fi orí rù ú. Ìgbà tẹ́nì kan bá ní òun san ọ̀kẹ́ méjì lórí ìyàwó láyé ọjọ́un, ẹ máa ro ọrùn àwọn tó rù ú náà.

Ní ti kọ́bọ̀ oníhò, ìyẹn owó ayé òyìnbó, ẹ má tẹ́tí sí àwọn tó ń pariwo kiri pé mílíọ̀nù náírà ni ọ̀kan. Irọ́ ni. Kódà èyí tó ní orúkọ Edward Kẹjọ lára, ọba òyìnbó tí kò lò tó ọdún kan ní 1936 tó fi sílẹ̀, àìmọye irú ẹ̀ ni wọ́n rọ fún ilẹ̀ wa, ó kún inú kòlòbó àwọn ìyá àgbà káàkiri. Iṣẹ́ tí kọ́bọ̀ ń ṣe nínú àpótí yín kọjá owó: òun ni kàlẹ́ńdà. Èyí tí wọ́n kọ NIGERIA àti BRITISH WEST AFRICA pọ̀ sí lára, láàárín 1907 sí 1911 ni. Èyí tó jẹ́ BRITISH WEST AFRICA nìkan, lẹ́yìn ìyẹn ni. Èyí tí wọ́n kọ FEDERATION OF NIGERIA sí, 1959 ni. Tẹ́ ẹ bá rí kékeré kan tó fúyẹ́ bí ìwé, ọ̀nínì nìyẹn, mẹ́wàá ẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan, inú ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "kò kù ọ̀nínì" ti ń dún. January 1, 1973 ni náírà gbapò gbogbo wọn. Ẹ to ogún yẹn sílẹ̀ ní ọdọọdún, èyí tó kéré lọ́jọ́ orí jù ló máa sọ fún yín pé àpótí yẹn ṣì ń ṣí, ó ṣì ń pa dé, títí di ọdún yẹn ó kéré tán. Bí àwọn awalẹ̀ ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn.

Kí n wá dé orí ìbejì, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà láti àárọ̀.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé òrìṣà ni, tàbí pé ère ẹwà tẹ́nì kan gbẹ́ sí pálọ̀. Ọmọ ló kú. Ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ibikíbi lọ láyé, àwọn dókítà tó ṣèwádìí ní Ìgbò-Ọrà láwọn ọdún 1960 rí i pé nǹkan bí 45 sí 50 nínú ìbí 1,000 ló jẹ́ ìbejì, nígbà tí ti Yúróòpù ò ju bíi 12 lọ. Ọmọ méjì nínú ikùn kan, wọn ò tóbi, wọn ò lágbára, láyé tí kò sí ọsibítù ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń lọ. Tí ó bá lọ, wọ́n á wádìí lọ́dọ̀ babaláwo, wọ́n á gbéṣẹ́ fún agbégilére, ìyá á gba ère yẹn bí ẹni gba ọmọ: á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á fi aró kùn ún lórí, á fún un ní oúnjẹ, á rọ̀ ọ́ sùn, ohun tó bá ṣe fún èyí tó wà láyé ló ń ṣe fún èyí tó lọ. Ojú àgbà ni wọ́n sì ń gbẹ́ sí i, tó bẹ́ẹ̀ tó ní ọmú tàbí ilà, kì í ṣe ojú ọmọ ọwọ́.

Nítorí náà ojú tó pa rẹ́ yẹn, àbùkù kọ́. Ọwọ́ ìyá ló jẹ ẹ́. Imú ti lọ, ètè ti lọ, torí ẹnì kan fọ̀ ọ́ lójú láràárọ̀, ó fi oúnjẹ tọ́ ọ lẹ́nu fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún. Ọkùnrin ti Èkó yẹn á fi han yín pé "ó ti bàjẹ́", á sì fi gé owó. Lójú tèmi, nínú gbogbo àpótí yẹn òun ló níye lórí jù.

Àwọn nǹkan tí wàá wò lára wọn: ilà ojú, bó bá ṣì hàn. Ṣé àbàjà ni, ilà gbọọrọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dùbúlẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, àbí pélé, kéékèèké mẹ́ta tó dúró? Ilà tí wọ́n gbẹ́ sí ère, ilà ìdílé ni, ẹ fi wé fọ́tò bàbá àgbà. Ṣé ojú méjèèjì ní ìṣó kékeré láàárín? Ṣé aró orí wọn dúdú wìnnì bí ẹ̀lú, àbí ó mọ́lẹ̀ bí búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun? Tó bá jẹ́ búlúù fífọ aṣọ, ayé òyìnbó ti dé nígbà tí wọ́n fi kùn ún. Wò ó bóyá ọwọ́ agbẹ́gi kan náà ló gbẹ́ méjèèjì, wo etí wọn, etí ni agbẹ́gi kì í lè fi purọ́. Tó bá jẹ́ ọwọ́ kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé méjèèjì ló kú. Tó bá jẹ́ ọwọ́ méjì, ìbejì ilé yín lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Wá béèrè nílé: ta ló ń jẹ́ Táíwò, ta ló ń jẹ́ Kẹ́hìndé nínú ìran yín? Wọ́n lè ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Má dúró níbẹ̀. Béèrè Ìdòwú. Béèrè Àlàbá. Tí Ìdòwú bá wà nínú ẹbí tẹ́nikẹ́ni ò rántí ìbejì tó ṣáájú ẹ̀, o ti rí ọmọ tí ère yẹn dúró fún. Mo ti fi ọ̀nà yìí mọ ère mẹ́ta, ẹbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan nínú wọn ìyá àgbà kan ló bú sẹ́kún nígbà tí mo béèrè. Ìwọ náà sì mọ̀ pé ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn la máa ń kì wọ́n, Ìṣokùn yẹn ò jìnnà sí yín.

Igbá fífín: iṣẹ́ àwọn fíngbáfíngbá Ọ̀yọ́ ni bí mo ṣe gbà á, ó ní ọmọrí, ó lè jẹ́ obìnrin ló ni ín, kí wọ́n fi ẹ̀bùn tàbí nǹkan ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀ wá sílé ọkọ. Aṣọ òfì náà, wo àwọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ bíi tíì onímíìkì, sányán ni, láti ara òwú kòkòrò igbó ni wọ́n ti ń ran án. Tó bá dúdú bí ẹ̀lú, ẹtù. Tó bá pupa, àláárì. Fi rúlà wọn fífẹ̀ pélébé kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n rán pọ̀, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò ní sọ jù báyìí lórí méjèèjì, fọ́tò nìkan ló lè jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

O béèrè bó ṣe pẹ́ tó. Kò sí àpótí kan nínú Ọ̀yọ́ yìí tí mo lè dáhùn ìbéèrè yẹn lórí ẹ̀ láì sọ̀rọ̀ ìlú fúnra ẹ̀. Ìlú tá a wà yìí, Àgọ́ Ọjà ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀yọ́ gangan wà lókè lọ́hùn-ún, ó jìnnà, òun ni Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, dé ní January 1826 tó pè ní Katunga, àwọn Lander tí wọ́n jẹ́ arìnrìn-àjò bíi tiẹ̀ dé ibẹ̀ ní 1830, kò sì pẹ́ sígbà yẹn, láàárín 1835 sí 1837, lẹ́yìn ogun Elédùwẹ̀ tí Aláàfin Olúewu kú sí, ìlú yẹn tú. Aláàfin Àtìbà ló wá sọ Àgọ́ di Ọ̀yọ́, ó sì wàjà ní 1859. Àwọn tó ń sá bọ̀ láti òkè, kí ni wọ́n lè rù? Wọn ò lè ru òpó, wọn ò lè ru ilẹ̀kùn. Ohun tó bá wọ àpò ni: òkúta méjì, làbà, owó ẹyọ. Ṣé ẹ rí i? Mi ò sọ pé tiyín ti Ọ̀yọ́-Ilé wá o, mò ń sọ pé irú ẹ̀ ni ó lè ti ibẹ̀ wá. Igi àti igbá sì tún la iná kọjá, torí November 12, 1895 ni Captain Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, yìnbọn àgbá sí Ọ̀yọ́ láyé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, ilé jóná. Ère onígi tó bá ṣáájú ìgbà yẹn nínú ìlú yìí ti rí nǹkan.

Ibi tí ìdáhùn wà ni oríkì. Ẹ pe obìnrin tó dàgbà jù nínú ìdílé, ẹ jókòó, ẹ ní kí wọ́n kì yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, ẹ má dá wọn dúró. Tí wọ́n bá dárúkọ ibì kan, Ìgbòho, Kìṣì, Ìgbẹ́tì, Ọ̀yọ́-Ilé, ẹ tọpa ẹ̀. Ìgbòho náà jẹ́ olú ìlú rí, Aláàfin mẹ́rin ló sùn síbẹ̀ kí Aláàfin Abípà tó kó wọn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, Ọba Mọ́rọ̀ tí ẹ ń gbọ́ yẹn.

Ẹ wo àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọdẹ ni Ògúnlọlá, pé abẹ́ igi àjàgbọn ló pa ahéré sí, pé ìyàwó ẹ̀ Ẹ̀sùú ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ táwọn ọdẹ yòókù fi ń wá jókòó níbẹ̀, tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Alóńgo sílẹ̀, pé ó bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, orúkọ ìlú sì ti ibẹ̀ wá. Ọmọ kékeré Ògbómọ̀ṣọ́ á sọ ọ́ fún ẹ láì kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó gbé idà tí wọ́n fi bẹ́ orí yẹn wá. Ìtàn ni wọ́n mú dání. Ẹ̀yin ní nǹkan, ìtàn ló ń sọnù, àti pé ẹni tó lè sọ ọ́ á ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ ìbejì kan dé, ogójì àti mélòó kan, wọ́n fi rọ́bà so ìwé mọ́ ọn lọ́rùn, orúkọ ìlú, orúkọ ilé, gbogbo ẹ̀ pé. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Mo ní máa ṣe é lọ́la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù, ìgbà òjò dé, rọ́bà gé, ikán jẹ ìwé. Ogójì ọmọ tí kò nílé mọ́. Wọ́n ṣì wà lórí pẹpẹ títí dòní, wọ́n rẹwà, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n.

Ọkùnrin ti Èkó ńkọ́? Ẹ má ta nǹkan kan fún un. Mi ò fi ẹ̀sìn sọ ọ́, òfin ni. Òfin musíọ̀mù, Decree 77 ti 1979, ka iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe kí 1918 tó pé sí ohun àtijọ́ tí ìjọba ń dáàbò bò, ẹni tí àjọ musíọ̀mù ò fún láṣẹ kò gbọ́dọ̀ rà á, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e kọjá bodè láì gba ìwé àṣẹ. Bi í léèrè ìwé àṣẹ ẹ̀, wàá rí i bó ṣe máa yára rántí pé òun ní àpèjẹ kan ní Ìbàdàn. Àti pé ẹni tó sọ iye kan lórí "gbogbo ẹ̀" láì ka owó ẹyọ, láì yẹ etí ìbejì wò, ó ti mọ èyí tó ń wá, ìyókù ló fi ń bo ojú yín.

Àǹtí yín, ẹ má bá wọn jà. Mo ti rí i tó pọ̀ pé ẹni tó ń lọgun pé kí wọ́n sun ún gan-an ló mọ̀ ọ́n jù, ó ti rí i nígbà ọmọdé, ó rí bí wọ́n ṣe ń bọ ọ́, ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì tán lára ẹ̀. Má lọ fi Ṣàngó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bi wọ́n léèrè ìbejì. Bi wọ́n bóyá ìyá wọn sọ fún wọn rí pé ọmọ kan kú. Ẹni tó pa nǹkan mọ́ kò bọ ọ́, bí ẹni tó tọ́jú ìwé ilé ò ṣe bọ ìwé, ẹ sọ ìyẹn fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, kì í ṣe ṣáájú.

Títọ́jú ẹ̀ ò le. Aṣọ àti igbá tó ní kòkòrò, ẹ dì wọ́n sínú nylon tó nípọn, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e sínú fìrísà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kòkòrò á kú tẹyin-tẹyin. Mo mọ̀ pé wàá ní iná ò sí. Ẹ wá ìyá kan tó ń ta ẹja tútù tó ní jẹnẹrétọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ san nǹkan kékeré, kó kàn máà kan ẹja. Tó bá jáde, ẹ fi sílẹ̀ nínú nylon ọjọ́ kan kí ẹ tó tú u. Ẹ má fọ́n ọtapíápíá sí i, ẹ má da bọ́ọ̀lù káńfọ̀ lé e lórí, ẹ má fi lẹ́mọ̀ǹ fọ kọ́bọ̀. Ìbejì, tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun tuntun nísàlẹ̀ ẹ̀, kòkòrò wà nínú ẹ̀, ẹ ṣe é bákan náà, tí kò bá sí, ẹ fi sílẹ̀. Làbà ò gbọ́dọ̀ rí fìrísà, ẹ kàn fi aṣọ funfun wé e níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Àpótí fúnra ẹ̀, ẹ gbé e lé bíríkì, kó jìnnà sí ògiri nítorí ikán.

Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà. Pákó ìwé pélébé, òwú funfun ni kẹ́ ẹ fi so ó, kì í ṣe rọ́bà, ẹ ti gbọ́ ìtàn rọ́bà. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, torí báírò á sá tó bá rí omi. Ọ̀kan sí méje. Ẹ wá ra ìwé ẹ̀kọsáìsì kan, ẹ kọ ohun tó jẹ́ sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ibi tẹ́ ẹ ti bá a nínú àpótí, ẹni tó sọ kí ló sọ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, ìdí, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà níta kó má bàa wà lórí fóònù kan.

Ṣé ẹ gbé e fún musíọ̀mù àbí ẹ fi sílé? Ọwọ́ yín ló wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e, ilé musíọ̀mù ìjọba wà ní Ìbàdàn, ẹ lọ béèrè, ẹ gba ìwé tó ní orúkọ ìdílé yín, ẹ gbé ẹ̀kọsáìsì yẹn dání. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kí ìlú kéékèèké máa tọ́jú tiwọn. Ẹ wo Ẹ̀sìẹ́ ní Kwara, ìlú kékeré ni, ère òkúta tó ju 800 lọ ló wà nínú igbó wọn, wọn ò kó o lọ Èkó, ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ilé sí fún un ní 1945, musíọ̀mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ṣáájú Jọ́ọ̀sì, ṣáájú Èkó. Yàrá bàbá yín tí òrùlé ẹ̀ jò yẹn, ẹ kàn tún un kàn, ẹ kàn pẹpẹ kan, ẹ gbé fọ́tò bàbá síbẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Ìyẹn náà ti ń lọ sí musíọ̀mù.

Àmọ́ lónìí, kọ́kọ́ ka owó ẹyọ yẹn ná, kó o ya fọ́tò ojú mẹ́rin iwájú àpò awọ, kó o sì ya etí ìbejì méjèèjì nítòsí dáadáa. Kó o béèrè lọ́wọ́ àǹtí pé ta ni Ìdòwú.